Orúnkún Wo?

Yìnyín ti bo Nóṣírò láti òru.
Ìyá Hisáyo wọ báǹkì wa, bàtà rọ́bà wọn ń ṣomi sílẹ̀,
wọ́n fi ìwé ìfowópamọ́ síwájú mi, wọ́n fi òǹtẹ̀ orúkọ wọn lé e.
"Mílíọ̀nù mẹ́ta yẹ́ẹ̀nì," wọ́n ní, "kó tó di aago méjì."
Wọn ò wò mí lójú.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń jókòó nídìí fèrèsé kẹta.
Mo mọ owó ìsìnkú, mo mọ owó òrùlé tó ń jò,
mo mọ owó ọmọ-ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì.
Owó tó ń sáré, tó ń wo aago ara ògiri,
mo mọ òun náà.

Ìwé tí ọlọ́pàá pín fún wa wà lábẹ́ tábìlì mi:
Bi wọ́n léèrè. Má kán wọn lójú. Fún wọn ní tíì.
Mo bu tíì. Mo béèrè.
"Àtúnṣe ilé ni."
Wọ́n dáhùn kíá, bí ọmọ iléèwé tó ti há a sórí.
Mo ní, "Ìyá, ta ló ní kẹ́ ẹ má sọ fún wa?"

Ife dúró lójú ọ̀nà ẹnu wọn.

Wọ́n ń rọ kẹrosínì sínú sítóòfù láàárọ̀ ni fóònù ilé dún:
"Ìyá, èmi ni."
Èmi ni!
Ọ̀rọ̀ tó kéré ju abẹ́rẹ́, tó ń ṣí ilẹ̀kùn.
Olè ò dárúkọ. Àlàfo ló fi sílẹ̀,
ìyá sì fọwọ́ ara wọn gbé ọmọ wọn sínú rẹ̀:
"Yasunórì? Ṣé ìwọ ni?"
"Èmi ni, Ìyá. Òtútù ló dí mi lọ́fun."
Ó gbàgbé àpò iléeṣẹ́ sínú ọkọ̀ ojú irin,
owó oníbàárà wà níbẹ̀, ọ̀gá ò gbọdọ̀ mọ̀,
ọmọkùnrin kan á wá gba owó ní ẹnu ibùdókọ̀.
"Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."
Ó sunkún. Ó mọ ẹkún-ún sun.

Mo ní, "Ṣé ohùn rẹ̀ nìyẹn lóòótọ́?"
Wọ́n wo ìsàlẹ̀ ife.
"Ọmọ mi ò pè mí láti ọdún mẹ́rin.
Ohùn wo ni kí n fi wé e?"

Ìyẹn ò sí nínú ìwé ọlọ́pàá.

A rí nọ́ńbà àtijọ́ kan nínú àpamọ́wọ́ wọn, lórí bébà tó ti ṣá.
Mo tẹ̀ ẹ́, mo na fóònù sí wọn.
"Yasunórì, èmi ni. Ìyá rẹ."
Kò sí ìró. Lẹ́yìn náà, ohùn ọkùnrin kan tó ti rẹ̀:
"Ta nìyẹn? Mo mọ irú yín.
Lánàá náà, ẹlòmíràn pè, ó ní báǹkì lòun."

Ìyá di fóònù mú bí apẹja ṣe ń di okùn ọkọ̀ mú.
Wọn ò bú u.
"Orúnkún rẹ òsì," wọ́n ní. "Igi kákì ẹ̀yìnkùlé.
O já bọ́ nítorí èso kan tí kò tíì pọ́n,
o ní kí n má sọ fún bàbá rẹ.
N kò sọ fún un títí ó fi kú."

Mo gbọ́ bí àga ṣe ró ní Saitámà.

Ọlọ́pàá ṣọ́ ibùdókọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ọmọkùnrin yẹn ò wá. Tàbí ó wá, ó rí wọn, ó yà.

Ní ọjọ́ Ajé, Ìyá Hisáyo wá fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta yẹ́ẹ̀nì pamọ́,
owó tí kò tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ rìn nínú yìnyín.
Wọ́n tẹ̀ síwájú lórí káńtà.
"Fóònù tún dún lálẹ́ àná. 'Èmi ni.'
Mo ní, orúnkún wo?
Ó dákẹ́, ó pẹ́. Mo ti fẹ́ gbé e kalẹ̀.
Ó ní, 'Òsì, Ìyá. Ó ṣì ń dùn mí tí òtútù bá mú.'"