Ìwé Pàṣípààrọ̀

Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo buwọ́ lùwé náà
lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kàbà:
Òtítọ́jù lọ sí Mọpà,
a gba Mẹ́dúpin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún,
àti igi họ́kì méjìlá. Mẹ́ta ti sán.

Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín ní ìdíkọ̀:
“Akọ̀wé ta màlúù, ó fowó ẹ̀ ra okùn.”
Lọ́dún yẹn Òtítọ́jù jẹ góòlù mọ́kànlá lára wa.
Mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kọfí tí bàbá mi gbìn ní Ògìdì,
ọdún kẹrin ló tó so.
Nígbà tówó ẹ̀ máa fi jáde,
bàbá ti lọ.

Mẹ́dúpin ló ń kọ́ àwọn ọmọdé báyìí
lórí ilẹ̀ pupa tí ò hu koríko;
mẹ́rin nínú wọn ti wọ ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀.
Orúnkún Òtítọ́jù ti bàjẹ́,
ó ń ta bẹntiróò inú ìgò.

Ó yà kí mi lánàá, ó ń tiro,
ó bèèrè igi rẹ̀ àtijọ́.
Mo ní ó wà lọ́wọ́ ọmọ kan.
“Ṣé ọmọ náà mọ̀ ọ́n gbá?”
Mo ní ó mọ̀ ọ́n gbá.
Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo ṣí ìwé ìṣirò lálẹ́,
mo tún pa á dé.