Ọkùnrin Kékeré Inú Dáṣíbọ́ọ̀dù

Mo ra ọkọ̀ náà ní Adó, lọ́nà Ìwòròkó,
tòkunbọ̀ aláwọ̀ eérú, ó ń run ọṣẹ àti òkun.
Ajéwọlé tó tà á fún mi rọra ń gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì,
bí ẹni ń gbá ọmọ lẹ́yìn kó lè gùnfẹ̀.
"Tíṣà, ọkọ̀ yìí ò tí ì jìyà kankan."
Ìdajì owó ìfẹ̀yìntì mi wọ àpò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ní ìsọ̀kalẹ̀ Ẹ̀fọ̀n,
níbi tí ọ̀nà ti ká bí okùn tí wọ́n jù sílẹ̀,
iná méjì là lójú dáṣíbọ́ọ̀dù:
ọ̀kan pupa, òbìrí tó gbé àmì ìyanu mì;
èkejì pọ́n bí pupa ẹyin,
lẹ́tà tí mo fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ,
tí wọn ò sì sọ nǹkan kan fún mi: A, B, S.
Mo tẹ búrẹ́ẹ̀kì. Ẹsẹ̀ mi rì bí ẹni tẹ ẹrẹ̀.
Mo kó o sí jíà kékeré,
mo ń fà á wálẹ̀ bí àgbà tó ń sọ̀ lórí àkàbà.

Ìyàwó mi di báàgì rẹ̀ mú, kò sọ̀rọ̀.
Ọdún méjìlélógójì la ti jọ wà;
mo mọ irú ìdákẹ́ tí ìyẹn jẹ́.

Abẹ́ máńgòrò kan ní Baṣírí ni ṣọ́ọ̀bù Ìbíwùmí rìwáyà,
ọmọ Ìlawẹ́ tí mo fi pàṣán nà rí nítorí ìṣirò.
Ó so kọ̀mpútà ọwọ́ mọ́ abẹ́ sítíà,
ó ka nọ́ńbà, ó mi orí, ó tún un kà.
"Ẹ̀rọ yìí kì í dárúkọ olè, tíṣà.
Àdúgbò ló máa ń júwe.
Èèyàn ló máa fẹsẹ̀ rìn débẹ̀."
Ó yọ táyà ọ̀tún iwájú. Páàdì ti jẹ tán, ó ku irin;
òróró búrẹ́ẹ̀kì ti fà lọ sísàlẹ̀ ìkòkò rẹ̀;
eku sì ti gé wáyà tín-ín-rín kan jẹ,
èyí tó ń ka ìyípo ẹsẹ̀ ọkọ̀.
"Uṣẹ́ ni," ohùn Ìlawẹ́ ló fi sọ ọ́, "kì í ṣe ikú."

Mo ti ń mí kanlẹ̀ nígbà tó ní,
"Ẹ pa á. Ẹ tún un ṣí. Kí lẹ rí?"
Gbogbo iná tàn, wọ́n sì kú lọ́kọ̀ọ̀kan.
"Ẹ ò rí ọkùnrin kékeré kan
tó jókòó, tó gbé bọ́ọ̀lù ńlá sáyà?"
N ò rí i.
"Ó yẹ kó jí, kó kí yín, kó tó padà sùn.
Èyí tí ò jí rárá ló ń bà mí lẹ́rù."

Ó tú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹnì kan ti fi téèpù dúdú
lẹ ọkùnrin náà lójú pa.
Ó tú àárín sítíà. Níbi tí àpò afẹ́fẹ́ yẹ kó ká sí,
àkísà ni: aṣọ ìnura, àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan,
òwú búlúù, ẹyọ kan ṣoṣo.

Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín.
Ọkọ̀ tí ò jìyà kankan.
Ní ìlú òtútù kan tí n ò mọ̀, àpò yẹn ti bẹ́
sáyà ẹnì kan. Mo gbà á ládùúrà pé ó gbà á là.

"Mo lè fi wáyà kékeré kan tan ọkọ̀ yìí jẹ," ó ní.
"Ọkùnrin náà á jí, á kí yín, á sùn.
Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Rárá o. Ṣe búrẹ́ẹ̀kì lónìí.
Ti àpò, ó di ìgbà tí mo bá kó kòkó.
Ṣá yọ téèpù yẹn fún mi.

Lálẹ́, bí a ṣe ń gun òkè padà sí Ẹ̀fọ̀n,
ó jókòó síwájú wa, ó pọ́n bí ẹyinná,
ó gbé òfìfo ńlá sáyà.
Ìyàwó mi ní ta nìyẹn.
Mo ní ẹlẹ́rìí ni.
Ó wò ó títí. Ó fa bẹ́líìtì rẹ̀ le,
ó wá nawọ́ fa tèmi náà.