Ogún Nọ́ọ̀tì

Davidson, ìdajì ọ̀nà Saskatoon, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán.
Mo yà sí ilé epo, mo pa ọkọ̀,
mo yọ sípánà gígùn nínú bùútù.

Àná ni Taras fi táyà ìgbà òtútù sí i ní Regina.
"Tó o bá ti rin ọgọ́rùn-ún kìlómítà, tún un fún.
Ìrìn ní í jẹ́ kí irin jókòó."

Mo kúnlẹ̀ sórí yìnyín.
N kì í fún ọ̀kan tán kí n bọ́ sí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀;
ọ̀kánkán ni mò ń lọ,
bí ọmọ iléèwé tí ń ki okùn bọ bàtà.
Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì le koko.
Ti ẹ̀yìn, lápá ibi tí Ìbíyẹmí sùn sí,
ìkẹrin yí.
Kò ju ìdajì yíyí lọ. Ó ké kín-ín, ó dákẹ́.

Kẹ̀kẹ́ ni bàbá mi ní.
A máa fi àtàńpàkò tẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀ wò
kó tó gbé mi sẹ́yìn.
Mo rò pé eré ni.

Ọmọ lajú: "Ṣé a ti dé?"
Rárá o.
A ṣẹ̀ṣẹ̀ lè máa lọ ni.