Ajá Tí Kò Sí Nínú Orúkọ

Ọjọ́ Ajé ni Ndue kà wá nísàlẹ̀ òkè,
òkúta wẹ́wẹ́ ló fi ń kà, láti àpò òsì bọ́ sí àpò ọ̀tún:
Wiebke, Asger, Solène,
Lieven tó fi ogójì ọdún ṣe búrẹ́dì ní Ghent,
tọkọtaya Brno tí kì í bára wọn sọ̀rọ̀ kí kọfí tó wọnú,
àti èmi, orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àlòkù.
Òkúta méje.
"Méje ni mo ń kó lọ, méje ni n ó kó sọ̀ kalẹ̀.
Ẹni tó bá fẹ́ yà sígbó, kó wí kó tó yà."

Òkè Ègún ni àwọn onílẹ̀ ń pe òkè wọ̀nyí.
A bi í pé ta ló fi wọ́n gégùn-ún.
Lọ́jọ́ kìíní, ó ní ìyá kan ni.
Lọ́jọ́ kejì, ó ní ọmọ ogun tí òùngbẹ ń gbẹ ni.
Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ olókùúta,
ó wẹ̀yìn, ó gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu wa jáde,
ó ní, "Ṣé ẹ ti wá rí ẹni náà báyìí?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ajá náà dé,
àwọ̀ iyanrìn, etí kan gé,
ó yọ láti ẹ̀yìn ahéré oníwàràkàṣì
bí ẹni tó ti sanwó tirẹ̀ sílẹ̀.
"Ẹ má fún un lóúnjẹ," Ndue kìlọ̀.
"Bó bá jẹun lọ́wọ́ àlejò, yóò gbàgbé àgùntàn."
A mi orí, gbogbo wa.
Kí oòrùn tó kan àtàrí, Lieven ti ń rún búrẹ́dì sílẹ̀
bí ẹni tí ọwọ́ ń jò.

Ọjọ́rú. Mi ò rántí ohun kan ju ẹ̀yìn bàtà Wiebke lọ,
gìgísẹ̀ pupa, gìgísẹ̀ pupa,
àti yìnyín lóṣù Kẹfà,
tó sùn sábẹ́ òjìji àpáta bí àgbà tó kọ̀ tí kò jí.
Solène bù ú, ó fi lé orúnkún mi.
Mo ké. Ajá náà gbó mi.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, Mrika sá ìbọ̀sẹ̀ wa sókè iná,
ó gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà kalẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì àgbàdo,
ó gbé abọ́ kan sí ìloro fún ajá.
Ọmọ mẹ́rin ló bí. Milan gba méjì, Detroit gba méjì.
Ó wo bàtà olówó ńlá wa tó tò sẹ́nu ọ̀nà,
ó sọ̀rọ̀, Ndue tú u fún wa láì rẹ́rìn-ín:
"Owó ni àwọn ọmọ mi san kí wọ́n lè kúrò níbi
tí ẹ̀yin ń sanwó kí ẹ lè rìn dé."
Ṣíbí dúró lẹ́nu.
Lẹ́yìn náà ló tún bu ọbẹ̀ kún ti gbogbo wa.

Ọjọ́ Ẹtì, ó sì fẹ́ tì lóòótọ́.
Kùrukùru bo ọ̀nà, mi ò rí orí ọ̀pá ọwọ́ ara mi.
Ndue kà wá. Mẹ́fà.
Ó tún kà. Òkúta kan kọ̀, kò kúrò ní àpò òsì.
Asger ni.
Ó fọn fèrè. Òkè gbé fèrè náà mì.
Ìyàwó Brno di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ọkọ náà ò jẹ́ kó bọ́.
Ìgbà náà la gbọ́ gbígbó, nísàlẹ̀, lápá òsì,
kì í ṣe ti ìbínú, ti iṣẹ́ ni.
A bá Asger níjòókòó,
ajá náà dùbúlẹ̀ gbọọrọ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì,
kò jẹ́ kó dìde.
Ìṣísẹ̀ mẹ́rin síwájú rẹ̀, ilẹ̀ tán.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ọgbọ́n kankan.
Ndue yọ ẹran gbígbẹ tirẹ̀, ó fún ajá jẹ lójú gbogbo wa,
ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa òkúta kan nílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, a sọ̀. Òjò pa wá. Orúnkún mi kò dákẹ́.

Láàárọ̀ Àìkú, bọ́ọ̀sì dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré.
Mo ti pa wàràkàṣì mọ́ fún ìdágbére.
Ajá náà kò wo ọ̀dọ̀ wa.
Ó ti wà láàárín àwọn mìíràn tí bọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ já sílẹ̀,
ó ń gbóòórùn àpò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan
bí aṣọ́bodè.
Ndue ń kìlọ̀ fún wọn: "Ẹ má fún un lóúnjẹ."
Ènìyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n.
Mo ka òkúta ọwọ́ rẹ̀ láti ojú fèrèsé.
Mẹ́wàá.
Mo jẹ wàràkàṣì náà tán kí a tó dé títì ọlọ́dà.