Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ní Ilé Ọ̀bẹ

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi dúró de àga méjì.
Ikẹ́olúwa, ọmọ wa, ló fi fóònù gbà á sílẹ̀:
“Oúnjẹ Ítálì ni, Dádì. Gbogbo Sheffield ló ń lọ síbẹ̀.”
Mo wọ kóòtù tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì.
Ibídùnní kun ètè rẹ̀ nínú gíláàsì bọ́ọ̀sì.

Wọ́n ń rọ ọ̀bẹ níbẹ̀ nígbà kan.
Mo máa ń wa bọ́ọ̀sì kọjá níwájú rẹ̀
láyé ìgbà tí wọ́n tì í pa, tí ẹyẹlé gbà á.
Wọ́n ti fọ bíríkì rẹ̀ báyìí,
wọ́n fi iná bíńtín kọ́ sókè,
iná tó ń ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn.
Tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi ka orúkọ oúnjẹ,
orúkọ gígùn bí oríkì ọmọ ọba,
a ò mọ èyí tó jẹ́ ẹran, a ò mọ èyí tó jẹ́ ewé.
Ọmọkùnrin agbáwo dé, ó lóṣòó tì wá.
Mo rò pé ó ń kí wa ni, mo ti fẹ́ súre fún un.
Ó ní níbí o, àjẹpọ̀ ni gbogbo àwo.
Mo ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n la ti ń jẹ àjẹpọ̀,
ọmọ mi, ṣáà máa gbé e bọ̀.

Ìbéèrè kan wà lápò mi láti oṣù Ẹrẹ́nà.
Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́;
mo ní kí oúnjẹ kọ́kọ́ dé.

Oúnjẹ dé.
Àwo fẹ̀ bíi ti sátẹ́láìtì,
pasítà mẹ́rin ká jọ sáàárín bí etí ọmọ tuntun.
Ibídùnní tọ́ ọ wò, ó wo ojú mi,
ó nawọ́ wá iyọ̀. Iyọ̀ ò sí.
Alásè ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún iṣẹ́ òun ṣe.
Búrẹ́dì lásán, pọ́n-ùn mẹ́fà!
Mo gbé ọ̀bẹ lé e, ọ̀bẹ yọ̀.
Nínú ilé yìí kan náà, ọ̀bẹ ò gé búrẹ́dì.
Mo fọwọ́ ya á.
Òyìnbó tó wà ní tábìlì kejì wò mí títí,
òun náà fọwọ́ ya tirẹ̀.

Orin ń lu ògiri, ògiri ń lu wá láyà.
Nígbà tí mo rí i pé ikùn ò ní kún lálẹ́ yìí,
mo kúkú yọ ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀:
“Ibídùnní, ṣé ká padà sílé?”

Ilé tí mo ń wí, Ìlá ni.
Yàrá mẹ́ta tí a kan òrùlé rẹ̀ lọ́dún méjìlá sẹ́yìn,
igi ọsàn tí àwọn ọmọ aládùúgbò ń bá wa ká jẹ,
ibi tí eékún mi ò ti ní máa sọ òjò fún mi.

Ó ní, “Hẹ̀n?”
Mo tún un sọ, ó kù díẹ̀ kí n pariwo.
Ó bú sẹ́rìn-ín.
“Kí ló wá ń dá wa dúró?”
Ó sì ti mú kóòtù rẹ̀ lẹ́yìn àga.

Pọ́n-ùn mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún la san,
owó ìlóṣòó wà nínú rẹ̀.
Òjò ń ṣẹ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ní ibùdókọ̀.
Ó ní ẹ̀wà àná kù nínú fìríìjì, òun á gbé e kaná.
N ò bi í pé ilé wo ló gbọ́.

Òkè bọ́ọ̀sì la jókòó sí.
Oorun ti gbé e lọ kí a tó gun òkè,
orí rẹ̀ wúwo léjìká mi,
mo sì ń ka ibùdó kọ̀ọ̀kan
kí a má baà kọjá ilé.