Afárá Inú Ẹsẹ̀

Ogójì ọdún ó dín méjì ni Wybren fi ṣí afárá
lórí odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ní Fríslándì.
Ọkọ̀ ojú omi á fun fèrè, á tẹ bọ́tìnì,
ọ̀nà á dìde bí ọmọ ilé-ìwé tí olùkọ́ wọlé bá.
Ọkọ̀ á kọjá. Ọ̀nà á tún sùn sílẹ̀ jẹ́jẹ́.
Màlúù á máa wò.

Èmi ìyàwó rẹ̀ ni mò ń sọ̀rọ̀.
Ọdún tó fẹ̀yìn tì, afárá kan dìde nínú ẹsẹ̀ rẹ̀,
ó kọ̀, kò sọ̀kalẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ló ti bẹ̀rẹ̀.
"Rìn," mo ní. Ó ní, "Mo ń rìn."
Kò rìn.
Ọkàn ń lọ, ẹsẹ̀ ò jẹ́pè.
Mo fà á. Àwa méjèèjì ṣubú gbì,
wàrà dà,
ológbò nìkan ló jèrè.

Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.
Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ńkọ́?
Ọwọ́ tó ń sọ̀yà tòru-tọ̀sán láìjẹ́ pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́?

Tẹ́lẹ̀, èmi ni ìránṣẹ́ láàárín wọn:
mo gbé ọ̀rọ̀ dókítà fún ẹni tó ń na iṣan,
mo gbé tẹni tó ń na iṣan padà fún dókítà,
ìdajì á ti jábọ́ sọ́nà.
Títí Aukje nọ́ọ̀sì fi pe gbogbo wọn sídìí tábìlì mi
lọ́jọ́bọ̀ kan tí òjò ń rọ̀.

Dókítà Ramdin, tí ìyá rẹ̀ ti Sùrìnámù wá,
kò fi oògùn kún oògùn. Aago ló bèèrè.
"Ìgbà wo lo gbé e mì? Kí lo jẹ mọ́ ọn?"
Wàràkàṣì ni. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, wàràkàṣì ni.
Ó ní òun àti oògùn ń du ẹnu ọ̀nà kan náà.
Ọkọ mi wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó ta ìyá rẹ̀.

Hiske ní kó ṣe eré ìdárayá ní aago mẹ́wàá.
Ramdin ní oògùn ò tíì jí nígbà yẹn.
Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí tíì mi fi tutù.
Aago mọ́kànlá. Aukje kọ ọ́ sára fìríìjì,
ìwé kan ṣoṣo, gbogbo ojú ń kà á.

Hiske gé téèpù aláwọ̀ ìyeyè, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀,
ìlà, ìlà, ìlà, bí àkàbà tó dùbúlẹ̀.
"Má rìn. Ṣáà máa kọjá ìlà."
Ẹsẹ̀ tó kọ ilẹ̀ gbalasa gba ìlà!
Mo sunkún; mo díbọ́n pé àlùbọ́sà ni.

Oene fi igi gbé àga ga, ó fún un ní ṣíbí tó wúwo,
ó ká kápẹ́ẹ̀tì tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, ó gbé e jáde.
N kò tíì dárí jì í.
Tjitske, olùtọ́jú ohùn, ní kó ké pe àwọn ọkọ̀ àtijọ́.
"Àbúrò Méjì! Ìrètí Jeltsje!"
Pẹ́pẹ́yẹ fò kúrò lójú omi.

Kò sàn o. Ẹnikẹ́ni ò ní yóò sàn.
Ó ṣubú ní Sátidé, ó ṣubú ní Túsìdeè.

Ṣùgbọ́n lánàá a lọ wo afárá.
Kò lólùṣọ́ mọ́; kámẹ́rà ló ń ṣọ́ ọ láti ìlú kejì.
Níbi tí irin ti pàdé ọ̀dà, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀.
Ọkọ̀ kan fun fèrè. Kẹ̀kẹ́ tò sẹ́yìn wa.
N kò fà á.
Mo na ẹsẹ̀ mi dábùú iwájú tirẹ̀, ìlà kan.
"Kọjá," mo ní.

Ó pẹ́.
Ẹnì kan tí a ò rí, ní ìlú tí a ò mọ̀,
dúró dè wá kó tó tẹ bọ́tìnì.