Abẹ́ Apá Ẹni Tó Borí

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí wọ́n bá dá níjàkadì kì í sá.
Á tẹrí ba, á gba abẹ́ apá ẹni tó dá a kọjá,
bí ọmọ ẹṣin tí ń wá ọmú.
Lẹ́yìn náà ni ẹni tó borí á na apá méjèèjì,
á máa rà bàbà bí idì lórí koríko.
Bàbá wa, Gendenpil, kọ́ Sanjaa àbúrò mi bí a ṣe ń kọjá lábẹ́ apá
kó tó kọ́ ọ bí a ṣe ń fò.
Ó ní fífò kò le.

Ọdún wúrà, mo rántí rẹ̀ dáadáa.
Àwa mẹ́tàdínlógún la há sínú àgọ́ onírun kan,
tẹlifíṣọ̀n ń mu iná lára bátìrì alùpùpù,
ìyá mi di áńtẹ́nà mú lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Wọ́n ní kó má mira. Kò mira, kò sì rí nǹkan kan.
Ochirpurev, ọmọ awakọ̀ tírélà láti Khovd,
gbé ọkùnrin tó tóbi jù ú lọ, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ pẹ̀lẹ́
bí ẹni ń tẹ́ ẹní.
Akéde òyìnbó rún orúkọ náà lẹ́nu bí ẹni ń jẹ eegun.
Ó dùn mọ́ wa bí oyin.
Bàbá mi, tí kò sunkún lọ́dún tí òtútù pa igba àgùntàn wa,
fi fìlà bo ojú.
Ní Ulaanbaatar, wọ́n ní fèrè ọkọ̀ kò dákẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.
Àwa mílíọ̀nù mẹ́ta, tí ẹran ọ̀sìn wa pọ̀ jù wá lọ,
tí a kò ní òkun, tí a kò ní èbúté,
a di ẹni tí ayé ń dìde dúró fún,
fún ìwọ̀n orin kan.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀.
Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ó kan Sanjaa.
Ìyá mi fi ṣíbí igi wọ́n wàrà sójú ọ̀run,
ó ń wọ́n ọn tẹ̀lé ọkọ̀ títí eruku fi gbé e mì.
Àmì kan ló fi ṣáájú, ó ku ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ.
Ó wo aago.
Ohun tó ṣe kò ju ìyẹn lọ: ó wo aago.
Orúnkún rẹ̀ ti wà lófuurufú kí ojú rẹ̀ tó padà délé.

Àwọn tó pè é ní “ọmọ wa” lọ́jọ́ Ajé
ti ń pè é ní “ọmọ Gendenpil” lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Ìṣẹ́gun! Ẹni tó sọ ọjọ́ náà lórúkọ kò sí níbẹ̀.
Mínísítà kan ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò nípa owó ìlú.
Mo pa rédíò. Mo tún tàn án.
Ó ṣì ń sọ̀rọ̀.

Pápákọ̀ òfurufú, aago mẹ́ta òru.
Nígbà ti Ochirpurev, ẹṣin pàápàá wà níbẹ̀.
Lọ́tẹ̀ yìí, èmi, ìyá mi, fíláàsì tíì oníwàrà,
àti ọkùnrin kan tó ń nu ilẹ̀.
Sanjaa jáde, ó gbé àpò rẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ sá sẹ́yìn rẹ̀.
Ìyá mi, ẹni tí kò ga dé èjìká ọmọ rẹ̀,
gbé apá ọ̀tún sókè, kò sọ nǹkan kan.
Ó pẹ́ kó tó yé e.
Ó wá tẹrí ba, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀,
ó kọjá.
Ọkùnrin yẹn gbé korobá rẹ̀ kúrò lọ́nà.

Mo máa ń ka ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ nídìí abo ẹṣin:
ìfà mẹ́wàá, wàrà kò tíì bo ìsàlẹ̀ igbá.
Ìdíje mìíràn ń bọ̀. Bàbá mi ti ra bátìrì ńlá.
Ó ń bèèrè ta ni yóò di áńtẹ́nà mú.
Ìyá mi ní kì í ṣe òun;
lọ́tẹ̀ yìí, òun fẹ́ rí i,
ìbáà jẹ́ àwa la dá wọn,
ìbáà jẹ́ àwọn ló dá wa.